Èsì: Kí ló dé tí èémí ọmọ tuntun tí mo kà fi yàtọ̀ sí ti nọ́ọ̀sì àgbà?

Àbúrò, kú iṣẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá 15 tí o kà, tí o wá fi 4 sọ di púpọ̀, ibẹ̀ ni 72 rẹ ti wá. Nọ́ọ̀sì àgbà tó rí 48, odidi ìṣẹ́jú kan ni wọ́n kà. Tiwọn ló tọ̀nà.

Ọmọ tuntun kì í mí bí àgbà. Á sáré mí díẹ̀, á dákẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá 5, á tún bẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti ń sáré mí lo bọ́ sí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìdákẹ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kí n pariwo!

Àmọ́ kíkà yìí ò wúlò àfi bí ara ọmọ bá balẹ̀, tí kò ké. Nítorí náà:

1. Ka èémí kí o tó gbé stethoscope (ohun èlò tí a fi ń gbọ́ ìró àyà) tútù lé e láyà. Tó bá ti ké, ó parí nìyẹn.
2. Ikùn ni kí o máa wò. Ibẹ̀ ló ń lọ sókè sódò jù.
3. 30 sí 59 ní ìṣẹ́jú kan ló dáa. Bó bá tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tún un kà.

Bí kò bá wálẹ̀, tàbí tí ihò imú ń fẹ̀, tí abẹ́ ìhà ń wọnú, tó ń kùn bó ṣe ń mí síta, tàbí tí ahọ́n rẹ̀ di búlúù, fi bírò sílẹ̀, pe dókítà. Ìdákẹ́ tó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 20 náà ńkọ́? Pè wọ́n.