Ọmọ mi tó jẹ́ adití wọlé sí Yunifásítì Ìlọrin. Ìrànwọ́ wo ló wà fún un?

Ẹ kú oríire, Àlájà. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adití. Ògbufọ̀ ló ṣe pàtàkì jù, ẹni tí yóò máa fọwọ́ sọ ohun tí olùkọ́ ń sọ ní kíláàsì.

Kì í ṣe bíi sẹ́kọ́ńdìrì tí ẹ̀yin òbí ń bá tíṣà sọ̀rọ̀ o. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó lọ fara hàn ní ẹ̀ka náà kí lẹ́kíṣọ̀ tó wọra, kó mú ìwé àyẹ̀wò etí dání. Kó bẹ olùkọ́ pé kó má kọjú sí pátákó bó bá ń sọ̀rọ̀, torí ẹnu rẹ̀ lòun ń wò.

Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 ka ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Àmọ́ ìrànwọ́ yìí kì í ṣe máàkì ọ̀fẹ́ ṣá.