Ṣé omi híhó tó fún irin iṣẹ́ abẹ?

Ìbéèrè yín ni bóyá ó tó kí wọ́n se irin tí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún bàbá yín l'Ábẹ́òkúta nínú omi híhó. Kò tó rárá. Omi híhó ò kọjá ìwọ̀n 100°C, kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì sì lè wà nínú èèpo líle tí omi híhó kì í pa. Autoclave ni wọ́n ń lò, ìkòkò tó ń há ooru omi mọ́nú: ní 121°C, ìṣẹ́jú 15 sí 30, ní 134°C, bí 3 sí 4. Tépù ara ìdì irin máa ń yọ ilà dúdú tí ooru bá kàn án, àmọ́ ìyẹn nìkan ò fi hàn pé inú rẹ̀ mọ́. Orí abẹ àti abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó.

Lójú tèmi, kíka iye nǹkan ṣe pàtàkì bí ooru. Wọ́n gbọ́dọ̀ ka iye irin, abẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀sì (aṣọ tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀) kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti kí wọ́n tó rán ojú ọgbẹ́, kí ohunkóhun má bàa ṣẹ́kù sínú ara. Ó wà nínú ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ oníbéèrè 19 tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde ní 2008. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn 8, ikú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ sílẹ̀ láti 1.5% sí 0.8%. Ilé ìwòsàn Ìdí-Àbà ni o, ti Lántòrò ni o, ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n ń lo ìwé náà. Kì í ṣe àfojúdi.

Ẹ má jẹ́ kí bàbá fi abẹ fá irun ibi tí wọn yóò là nílé. Ó ń ha awọ ara, kòkòrò á sì ráyè wọlé. Bó bá pọn dandan, klípà ni kí wọ́n fi gé e.