Èsì: Kí ló dé tí a fi ń dojú ìdá kodò?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọmọ yín mọ̀ pé tí wọ́n bá ní kó fi ìdá (bíi ¾) pín nǹkan, kó dojú ìdá náà kodò (kó di 4/3) kó sì fi sọ nǹkan náà di púpọ̀, àmọ́ kò mọ ìdí. Ẹ gbé òfin yẹn tì ná. Ẹ kó ọsàn 6 síwájú rẹ̀, kó pín in ní ààbọ̀ ààbọ̀ (6 ÷ ½). Yóò gé e, yóò kà á: 12. Ẹ wá bi í ìdí tó fi ju 6 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè dá a lóhùn. Ibẹ̀ gan-an ni òye ti ń wọlé. Lẹ́yìn náà, 6 ÷ ¾: kó gé ọsàn kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ó di 24, kó kó o jọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, torí ¾ jẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó di ìdì 8. Ó ti fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ti fi 3 pín in, kò sì dojú nǹkan kan kodò.