Fífọ Páǹpù Oògùn Sódò: Ṣé Omi Lè Borí Ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú odò kékeré ẹ̀yìn oko wa ni àbúrò ọkọ mi ti ń fọ páǹpù tó fi ń fín oògùn sórí òwú. Àwòrán ẹja tó kú àti igi gbígbẹ wà lára ìgò oògùn náà. Ó ní omi pọ̀ ju oògùn lọ, pé ẹja kankan ò tíì kú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè. Àwòrán yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá. Wọ́n sábà máa ń dán irú oògùn bẹ́ẹ̀ wò lára ẹja fún wákàtí 96, lára kòkòrò omi tíntín tó ń jẹ́ Daphnia fún wákàtí 48, àti lára ewéko tíntìntín tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé. Tí míligíráàmù kan tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ nínú lítà omi kan bá ti lè pa ìdajì ẹja náà, ipò tó le jù lọ ni wọ́n ń fi oògùn náà sí.

Lambda-cyhalothrin wà lára ohun tí wọ́n ń fín sórí òwú. Nínú èyí tó ní gíráàmù 25 ní lítà kan, ẹ mú ẹ̀kán kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ omi àgbá onílítà 200 márùn-ún. Àwọn ẹja kan wà tí oògùn tó kéré ju ìyẹn lọ pa ìdajì wọn nínú omi mímọ́ tí wọ́n fi dán an wò.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín o. Oògùn yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé ara ẹja. Àmọ́ àwọn tó ń gbé inú ẹrẹ̀ ńkọ́? Tó bá sì di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò fà, omi wo ló kù tó máa borí ẹ̀?

Mo ta oògùn oko rí ní Kétu. Lọ́jọ́ kan mo ṣan ike òfìfo sínú omi tó ń ṣàn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó máa ń sáré lórí omi kò sáré mọ́. Àwọn edé kéékèèké fò sókè, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Ẹja kankan ò kú, ni mo bá lọ sílé, ọkàn mi balẹ̀. Oúnjẹ ẹja ni mo pa yẹn, mi ò sì mọ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Endosulfan tí àwọn olóko òwú ní Bẹ̀nẹ̀ lò nígbà kan tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: kì í tètè bàjẹ́, ó sì ń kóra jọ sínú ẹran ara. Ọdún 2011 ni àdéhùn Stockholm, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí oògùn olóró tí kì í tètè bàjẹ́, fi orúkọ rẹ̀ kún àwọn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Tẹ́ ẹ bá rí àjẹkù rẹ̀ nínú abà ẹnikẹ́ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lò ó.

Kí àbúrò ọkọ yín máa fi garawa pọn omi wá sóko, kó má gbé páǹpù lọ sódò mọ́. Kó ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sì fín omi ìṣan náà sórí òwú. Ẹ̀yin náà, ẹ yí òkúta kan padà lápá òkè odò, ẹ yí òmíràn nísàlẹ̀ ibi tó ti ń fọ páǹpù, ẹ ka kòkòrò tó wà lábẹ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ kọ iye tẹ́ ẹ rí ránṣẹ́ sí mi.