Búlọ́ọ̀kù 500 Tó Fẹ́ Dá Ìjà Sílẹ̀ Láàrin Ọmọ Ìyá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìlànilọ́yẹ. Àwa ọmọ mẹ́rin la jọ ń dá owó láti kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sórí ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, kí ìyá wa lè bọ́ lọ́wọ́ owó ilé sísan. Ìkòròdú ni èmi àkọ́bí ń gbé, àwọn àbúrò mi obìnrin méjì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin kan ṣoṣo inú wa ló sì ń mójú tó iṣẹ́ náà láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Bíríkìlà sọ níbẹ̀rẹ̀ pé búlọ́ọ̀kù 2,400 ni yóò gbé ilé náà dé ibi tí òrùlé yóò jókòó lé, a sì rà á pé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi ní ó ṣì ku 500. Àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù gbaná jẹ, wọ́n ní ó ń ta búlọ́ọ̀kù wa ni, àwọn kò sì ní fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ mọ́. Mo fi àwòrán ilé náà sínú lẹ́tà yìí. Kí ni kí n ṣe? — Àkọ́bí, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ fi àwòrán ilé náà ránṣẹ́, nítorí òun ló jẹ́ kí n lè fi ìṣirò dá yín lóhùn. Gígùn gbogbo ògiri ilé yín, ti ìta àti ti inú, jẹ́ mítà 80, gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé abẹ́ òrùlé sì jẹ́ mítà 2.7. Èyí fún wa ní mítà 216 níbùú lóròó, tí yóò ku nǹkan bí 190 nígbà tí a bá yọ ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà kúrò. Búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9 mẹ́wàá ni a máa ń kà sí mítà kan níbùú lóròó, tí ìwọ̀nba àfọ́kù sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ògiri tó wà lókè ilẹ̀ nìkan yóò jẹ 1,900. Ìpìlẹ̀ ńkọ́? Kóòṣì mẹ́rin, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tí a tò léra, ló wà nínú àwòrán yín, èyí tó ga tó mítà kan, mítà 80 náà sì ni gígùn rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù 800 ti wọ inú ilẹ̀ lọ nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,700.

Ẹ̀yin náà ti rí i pé 2,400 tí bíríkìlà sọ kò lè gbé ilé yín dé òkè láéláé. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà ló máa ń dárúkọ iye tó kéré kí ẹ̀rù má baà ba onílé. Nínú 500 tí àbúrò yín béèrè, 300 ti ní ìdáhùn. 200 tó kù ni ó yẹ kí ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì bi í gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá òye.

Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín ní ọjọ́ Sátidé kan. Ẹ dé ìdí òkìtì búlọ́ọ̀kù, kí ẹ fi àtàǹpàkò ha igun ọ̀kan nínú wọn. Bí yanrìn bá ń dà sílẹ̀ lábẹ́ èékánná yín, ẹni tó bu búlọ́ọ̀kù náà ti ṣahun sìmẹ́ńtì. Nínú àpò sìmẹ́ńtì oní-kílò 50 kan, búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9 tó ṣe é fọkàn tán kò yẹ kó ju bí 30 lọ, ṣùgbọ́n àwọn kan ń bu tó 45. Irú èyí yóò fọ́ nínú ọkọ̀, yóò fọ́ lọ́wọ́ lébìrà, 200 yóò sì ṣòfò láìsí olè kankan níbẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Nígbà tí mo ń kọ́ ilé ìyá mi, mo bú àbúrò bàbá mi tó ń bá mi ṣọ́ iṣẹ́, mo ní ó ń ta ẹrù mi. Ọjọ́ kẹta ni mo rí àfọ́kù tó lé ní 100 tí àwọn lébìrà ti kó dí kòtò lẹ́yìn ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò tún tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ títí tí a fi kó wọlé.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí owó, ẹrù àti àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Láti Ìkòròdú ni kí ẹ ti máa sanwó fún ọlọ́jà gan-an; kí àbúrò yín máa gba ẹrù, kí ó kà á lójú awakọ̀ kí wọ́n tó já a, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, irú ẹrù, iye tó wọlé, iye tí wọ́n lò. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ó ya fọ́tò ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí WhatsApp. Ní ti sìmẹ́ńtì, àpò òfìfo ni kí ẹ máa kà. Kí wọ́n máa dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹnikẹ́ni má sì kó o lọ títí di òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹ tún wo nọ́ńbà ara àpò náà, tó ń sọ bí sìmẹ́ńtì ọ̀hún ṣe lágbára tó. Láti 2014 ni àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì 32.5 mọ sí rírẹ́ ògiri nìkan, 42.5 ni ti búlọ́ọ̀kù, òpó àti lẹ́ńtù, ìyẹn kọnkéré tó ń dábùú orí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ ra irin oní-mílímítà 12 fún lẹ́ńtù, ẹ rántí pé nǹkan bí ọ̀pá 94 ló ń wà nínú tọ́ọ̀nù kan, bí gígùn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan bá pé mítà 12. Bí ọlọ́jà bá ka 105 fún yín, kò ta yín lọ́rẹ o. Irin náà ló tín-ín-rín.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò bèèrè, òun ló sì ń dùn mí jù. Nínú gbogbo lẹ́tà yín, ẹ kò sọ iye tí ẹ ń san fún àbúrò yín. Oṣù mẹ́jọ ni ó ti ń jí dé Mọ́níyà kí bíríkìlà tó dé, tí ó ń dúró nínú oòrùn de ọkọ̀ yanrìn, tí ó sì ń pa iṣẹ́ tirẹ̀ tì. Ẹni tí ebi ń pa lẹ fi ṣọ́ ilé ìṣúra. Kí ẹ tó fi owó búlọ́ọ̀kù ránṣẹ́, ẹ pe àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ka ìṣirò òkè yìí sí wọn létí, kí ẹ jọ dá owó oṣù kan fún un, kí ẹ sì ka oṣù mẹ́jọ tó ti lọ mọ́ ọn.