Ta ló ni owó tí ṣọ́ọ̀bù yọ fún oníṣẹ́ ọwọ́?

Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó dáhùn. O ní iṣẹ́ púlọ́ńbà lò ń ṣe ní Ọbáńtokò, ní Abẹ́òkúta níbí. Obìnrin kan tó ń gbé Ìbàdàn fi ₦640,000 sí àkáǹtì rẹ kó o fi ra táńkì, páìpù àti pọ́ǹpù fún ilé tó ń kọ́, ṣọ́ọ̀bù tó o ti ń rajà lọ́wọ́ wọn láti ọdún mẹ́ta sì yọ ₦38,000 fún ọ. O wá fẹ́ mọ̀ bóyá kó o dá owó yẹn padà tàbí ó ti di tìẹ. Àwọn kan ti ní kó o jẹun, pé gbogbo ayé ló ń ṣe é. Èmi náà wà lára gbogbo ayé nígbà kan, ojú mi sì rí nǹkan.

Iṣẹ́ iná ni mo kọ́. Ọdún márùn-ún ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi kí wọ́n tó ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún mi. Ọ̀gá kọ́ mi ní iṣẹ́ dáadáa: wáyà 1.5 fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún ẹ̀rọ amúlétutù; bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni wáyà ṣe nípọn tó. Ní ti owó ṣọ́ọ̀bù, wọn ò kọ́ mi, mo kàn ń wò wọ́n ni. Tá a bá mú oníbàárà lọ sọ́jà, tó sanwó tán, tá a ti ń kẹ́rù sínú mọ́tò, ọ̀gá á ní àwọn gbàgbé nǹkan. Wọ́n á padà sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì jáde pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò. Bí mo ṣe gba òmìnira báyìí, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan.

Ní 2017, mo ṣe wáyà ilé ìyá kan ní Aṣẹ́rò. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì yẹn náà ni wọ́n fi ń kọ́lé. Èmi àti ìyá la jọ lọ sọ́jà. Ṣọ́ọ̀bù pe wáyà 2.5 ní ₦13,500 ní kọ́ìlì kan, mẹ́jọ la rà, yàtọ̀ sí àwọn ẹrù tó kù. Ìyá dúnàá-dúrà títí, wọn ò yọ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ lórí gbogbo ẹ̀. Mo wá lọ gbàgbé nǹkan bí ìṣe mi, mo gba ₦23,000. Ẹ sì wò ó o, ₦70,000 péré ni owó iṣẹ́ mi lórí ilé yẹn.

Bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọmọ ìyá dé láti Èkó, ó fẹ́ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kún ti yàrá rẹ̀. Ó mú rìsíìtì ìyá rẹ̀ dání, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an kó lè rí irú wáyà kan náà. Ọmọ tó bá níbẹ̀ pe kọ́ìlì ní ₦12,000. Ó na rìsíìtì sí i, ó ní ṣé ọjà ti wálẹ̀ ni. Ọmọ yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa irọ́ ibẹ̀, dáhùn pé: “Rárá o. Ẹ mú oníṣẹ́ iná dání nígbà yẹn ni.”

Títí di òní, tí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, ara mi á bù máṣọ. Ṣọ́ọ̀bù ò yọ kọ́bọ̀ fún mi rí. Wọ́n bu owó lé ọjà nítorí pé mo dúró níbẹ̀. Ká ní ìyá dá lọ, tí wọn ò tiẹ̀ mọ 2.5 yàtọ̀ sí 1.5, wọn ì bá rà á ní ₦12,000. Èmi tí wọ́n mú lọ kí wọ́n má bàa rẹ́ wọn jẹ, èmi gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ rẹ́ wọn jẹ.

Ìyá pè mí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ká ní o sọ pé owó iṣẹ́ rẹ kò tó, ṣé mi ò ní fi kún un ni?” Ẹnu mi wọlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kó ₦23,000 lọ bá wọn. Nínú ọkàn mi, mo ti ń retí kí wọ́n ní kí n máa mú un lọ, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe. Ìyá gbà á, wọ́n kà á, wọ́n ya ewé kan nínú ìwé, wọ́n kọ rìsíìtì, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ní kí èmi náà fọwọ́ sí i. Tíṣà ni, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ìwé yẹn ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi. Wọ́n fi àdúrà sìn mí dé ẹnu géètì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ yàrá méjì sẹ́yìn ilé, ẹlòmíràn ni wọ́n pè. Ilé mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́ ládùúgbò yẹn lọ́dún náà. Mi ò rí ọ̀kan ṣe nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìtìjú yẹn ló sọ mí di olóòótọ́ àṣejù. Mo pinnu pé iye tí mo bá ra ọjà ni oníbàárà máa san, kọ́bọ̀ kò ní lé e. Bí ṣọ́ọ̀bù bá yọ ₦500, mo ti ń wá fóònù láti fi pe onílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kéèyàn máa fún oníbàárà ní gbogbo ẹ̀dínwó láìku ẹyọ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti Alájì kan ní Ìdí-Àbà kẹ́ ẹ tó gba èèyàn nímọ̀ràn.

Mo kọ gbogbo ẹrù sílẹ̀ fún Alájì, mo sọ iye tí ṣọ́ọ̀bù ń tà á fáráyé àti iye tí wọ́n ń tà á fún mi. Alájì ka ìwé náà tán, inú wọn dùn. Wọ́n wá dé orí owó iṣẹ́, ₦180,000. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní: “Ṣọ́ọ̀bù ti yọ tiwọn. Ìwọ ńkọ́?” Bí mo ṣe bọ́ sí ₦130,000 nìyẹn.

Kò tíì tán. Ìparí oṣù karùn-ún 2023 la ṣàdéhùn, Alájì ní ká jẹ́ kí Iléyá kọjá ná. Kí Iléyá tó dé, CBN, báńkì àpapọ̀ ìjọba, ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là tó wà ní bíi ₦470 ní báńkì kọjá ₦700 kí oṣù kẹfà tó parí, owó wáyà sì gbéra tẹ̀ lé e, torí dọ́là ni wọ́n fi ń ra bàbà tí wọ́n fi ń ṣe é. Alájì ní iye tí mo kọ sínú ìwé làwọn máa san. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni mo ti yá ₦46,000 tí mo fi dí i. Ìgbà tí ọjà wálẹ̀, Alájì ló jèrè. Ìgbà tí ọjà gòkè, èmi ló jẹ gbèsè.

Nínú ẹrù Alájì yẹn náà ni mo ti bá wáyà ayédèrú pàdé. Ó pọ́n bíi bàbà lójú, àmọ́ bí mo ṣe gbé e, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ́, inú ẹ̀ funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn lásán. Tá a bá fi irú ẹ̀ sínú ògiri, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fà á, iná lè ti ibẹ̀ sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Sàpọ́n kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀ fún mi. Ta ló san owó ọ̀kadà? Ta ló san ọjọ́ méjì tí mi ò fi ṣiṣẹ́? Onílé tó dá lọ sọ́jà ì bá ti gbé e wálé, á tún máa dúpẹ́ pé òun rí olówó pọ́ọ́kú rà.

Ohun tó wá là mí lóye ni àkàrà. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá rán wa lọ ra àkàrà, ìyá alákàrà á fi ẹyọ kan ṣe èènì. Ta ló ni ín? Nílé tiwa, tó o bá jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, tí ìyá mi rí epo létè rẹ, o gbé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n tó o bá kó gbogbo rẹ̀ délé, tó o ní “èènì rèé,” wọ́n á ní, “Máa jẹ ẹ́.” Ẹyọ àkàrà kan náà ni o. Ní ti ìyá alákàrà fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bi í pé èló ló ra kóńgò ẹ̀wà. Owó rẹ̀ ló fi rà á, òun ló lọ̀ ọ́, tí òróró bá jóná, òun ló ni àdánù.

Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà yẹn nìyẹn. Kí n tó gba kọ́bọ̀, mo máa ń bi onílé pé ṣé ìránṣẹ́ ni kí n jẹ́ àbí alákàrà. Tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra ẹrù, ìránṣẹ́ ni mí: ojúlówó rìsíìtì ni màá fún un, gbogbo ohun tí ṣọ́ọ̀bù bá yọ, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó máa san owó ọkọ̀ mi, ó máa san owó ọjọ́ tí mo fi wá ọjà, ó sì wà nínú ìwé. Tí ọjà bá gbówó lérí, òun ló máa gbé e. Tó bá ní òun ò fẹ́ wàhálà, mo máa pe iye kan ṣoṣo, ẹrù àti iṣẹ́ pọ̀, ọjọ́ márùn-ún ni iye yẹn fi dúró. Owó tèmi tàbí àwìn tí mo gbà ni mo fi ń ra ẹrù, tí nǹkan kan bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan, mo máa pààrọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ohun tí ṣọ́ọ̀bù bá ṣe fún mi lórí ìyẹn, tèmi ni, mo sì máa ń sọ ọ́ lójú wọn. Ẹni méjì ti bínú sí mi lórí rẹ̀. Wọ́n lọ síbòmíràn, mo kí wọn pé ó dàbọ̀.

Lọ́yà kan tí mo ṣiṣẹ́ fún ní Òkè-Ìlèwó gbọ́ ìtàn ti Aṣẹ́rò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó ń fi owó ẹlòmíràn rajà fún un, aṣojú ni lójú òfin, aṣojú kò sì gbọdọ̀ jẹ èrè ìkọ̀kọ̀ nídìí iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó tún ní òfin ọdún 2000 tó dá ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sílẹ̀ ní abala kan, abala 17, tó dá lórí aṣojú tó gba rìbá àti ẹni tó fún un. Èmi tí mo rò pé àwọn mínísítà nìkan ni ICPC wà fún.

Ní ti ìrẹsì àti kàlẹ́ńdà tí ṣọ́ọ̀bù máa ń fún wa lópin ọdún, mo máa ń gbà á, mo sì máa ń jẹ ẹ́. Kò sí lórí rìsíìtì ẹnì kankan.

Tìẹ wá ńkọ́, àbúrò? ₦640,000 yẹn, owó obìnrin yẹn ni, o ò fi owó rẹ kún un. Ìránṣẹ́ ni ọ́ lórí ọjà yìí, kódà tó bá jẹ́ pé ọdún mẹ́ta tó o ti ń rajà ni wọ́n rò tí wọ́n fi yọ owó yẹn. Pè é lálẹ́ òní. Ya fọ́tò rìsíìtì, fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, sọ fún un pé ₦38,000 ló ṣẹ́ kù. Tí owó mọ́tò tó gbé táńkì dé Ọbáńtokò kò bá sí nínú àdéhùn yín, sọ ìyẹn náà, má fi ìtìjú gbé e mì. Ó lè ní kó o máa mú un, ó lè ní kó o fi ra ẹrù tó kù, ó lè ní kó o dá a padà sínú àkáǹtì òun. Èyí tó bá sọ ni kó o ṣe. Tó bá sì bi ọ́ pé kí ló dé tó o fi ń sọ fún òun, má wàásù fún un. Sọ pé owó rẹ̀ ló kù.