Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 16 ni àwọn ìbejì mi, Táyé obìnrin, Kẹ́hìndé ọkùnrin; Nagoya ní Japan níbí ni mo bí wọn sí. Láti bí oṣù mẹ́ta ni Táyé ti ní òun kò bu oúnjẹ fún Kẹ́hìndé mọ́, òun kò sì fọ abọ́ tó fi jẹun. Bàbá wọn ní Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Táyé ní ọjọ́ kan náà ni a bí àwọn. Ó tún ní òun kò ní fẹ́ ọkùnrin tó bá ní kí òun yí orúkọ padà. Bàbá wọn ní àwọn obìnrin Japan ìwòyí ló ń kọ́ ọ, pé kí n fi í ránṣẹ́ sí màmá mi ní Ìbàdàn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Saitama ni mo wà láti 1990, ọmọ ibí ni ìyàwó mi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti orúkọ kúrò nílẹ̀. Òfin ibí ló ní kí tọkọtaya máa jẹ́ orúkọ ìdílé kan ṣoṣo, obìnrin ló sì ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ nínú bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n òfin náà kò de ẹni tó bá fẹ́ àjèjì. Orúkọ bàbá ìyàwó mi ló ń jẹ́ títí dòní. Mo bá a jà lórí rẹ̀ nígbà náà.

Ti ẹ̀gbọ́n yẹn: ká ní Kẹ́hìndé ni obìnrin, ṣé Táyé ọkùnrin ni yóò máa fọ abọ́? Láti 1994 ni kateika, ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé, ti di dandan fún àwọn ọmọkùnrin náà ní girama àgbà, nítorí náà ẹ bi Kẹ́hìndé léèrè ohun tí wọ́n sè ní kíláàsì, kó wá sè é nílé ní Sátidé. Bí bàbá rẹ̀ bá yarí, ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ti ń tù ú.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Ọ́fíìsì ni ìyàwó mi wà nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Òfin 1985 ti ní kí wọ́n má ya obìnrin sọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ bá dá ọgbọ́n mìíràn: sogoshoku fún ẹni tí yóò di ọ̀gá, ippanshoku fún ẹni tí yóò máa to fáìlì, tí yóò máa gbé tíì. Ẹ mọ ibi tí wọ́n fi í sí. Nígbà tí a ṣègbéyàwó, ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Kotobuki taisha ni wọ́n ń pè é, àfi bí ẹni pé oríire ni. Inú mi dùn. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, supamákẹ́ẹ̀tì ni, bí ọdún bá sì ti ń parí lọ, á máa ṣírò wákàtí kí owó rẹ̀ má baà kọjá mílíọ̀nù 1.03 yẹ́ẹ̀nì, nítorí òfin owó orí ìgbà náà.

Ọmọbìnrin wa ń wo gbogbo rẹ̀. Ní 2018, nígbà tó wà ní kíláàsì àṣejáde, ó ní òun fẹ́ ṣe dókítà. Mo ní rárá, ọdún 6 ti pọ̀ jù fún obìnrin, kó lọ ṣe nọ́ọ̀sì. Ọ̀gá mi ní ilé-iṣẹ́ irin ló sọ fún mi pé bó pẹ́ bó yá, obìnrin á bímọ, á jókòó sílé. Mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wálé, mo wọ agbádá fún un, mo ní àṣà wa ni. Àṣà wa wo? Àdìrẹ ni ìyá mi ń tà ní Ìtòkú. Bàbá mi ló máa ń yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Nílé, ta ni kì í fi ọmọbìnrin tó di dókítà yangàn?

Oṣù kẹjọ ọdún náà ni àṣírí tú pé yunifásítì ìṣègùn kan ní Tokyo ti ń dín máàkì àwọn obìnrin kù tipẹ́, kí wọ́n má baà pọ̀ jù; pé bí wọ́n bá bímọ, wọ́n á fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ mi tẹ́ ìwé ìròyìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìrẹsì mi. Yorùbá rẹ̀ kò tó nǹkan, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́: “Daddy, ẹ̀yin náà yọ máàkì mi.” Ó gbé àwo mi, ó lọ fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, èdè Japan ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì ló padà ṣe. N kò ba ayé rẹ̀ jẹ́ o; owó ń wọlé fún un, ó sì ń pè wá. Ẹlòmíràn nínú wa níbí, ọmọ rẹ̀ kì í gbé fóònù rẹ̀.

Ti Ìbàdàn, ẹ má fi ìbínú rán an. Bó bá jẹ́ ìsinmi, kó lọ gbọ́ èdè lẹ́nu màmá yín, ó sàn ju ohun tí èmi ṣe lọ. Ṣùgbọ́n kó lọ kọ́ bí a ti ń bu oúnjẹ fún ọkùnrin? Màmá yín gan-an ńkọ́, ṣé ilé ló jókòó sí títí ẹ fi dàgbà? Bí Táyé bá sì ń fi Takaichi Sanae, obìnrin tó di olórí ìjọba ní oṣù kẹwàá 2025, yangàn sí yín, ẹ sọ fún un pé obìnrin yẹn gan-an kò fara mọ́ kí tọkọtaya máa jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kó ronú sí i.

Ọmọ mi wálé fún ọdún tuntun. Èmi ni mo se ẹ̀fọ́. Mo bi í bóyá ó ṣì fẹ́ gbìyànjú ìdánwò dókítà, pé n ó sanwó. Ó ní daijobu. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ yẹn: ó lè jẹ́ kò séwu, ó lè jẹ́ ẹ ṣé, n kò fẹ́. Ìyá rẹ̀ ní òun mọ èyí tó jẹ́. Kò sọ fún mi.